Iye Ọmọ Òkunlọlá

Ẹ̀rọ ẹnubodè bi Ẹ̀bùnlọmọ léèrè lẹ́ẹ̀kẹta pé ọmọ mélòó ló bí, Ẹ̀bùnlọmọ sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kẹta pé, "Wọ́n ń bẹ, a dúpẹ́."

Iná pupa tún tàn. Ohùn obìnrin tó mọ̀wé ni wọ́n fi sẹ́nu ẹ̀rọ náà, ohùn tí kì í bínú, tí àárẹ̀ kì í sì í mú. "Ẹ jọ̀wọ́," ni ó wí, "ìdáhùn yín kì í ṣe nọ́ńbà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ńbà," ni Ẹ̀bùnlọmọ wí. "Ọmọ ni."

Akínsọwọ́n, akọ̀wé rẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti ń nu òógùn ojú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin náà fi ń ti orí omi gun Òkè Ìpàdé yìí wá, tó ń bẹ àwọn ará Ìmùlẹ̀ Apata pé kí wọ́n gba Òkunlọlá mọ́ra. Orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ló wà nínú Ìmùlẹ̀ náà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló fọwọ́ kàn. Òní ni wọ́n fẹ́ gba méjì tuntun wọlé, Òkunlọlá sì ni èkejì. Kí aṣáájú rẹ̀ wá há sí ẹnubodè nítorí ìbéèrè kan, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lára mu rárá.

"Yèyé, ẹ sọ nọ́ńbà kan ṣáá," ni ó bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀rọ lásán ni."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ lásán ni, kí ló fẹ́ fi iye ọmọ mi ṣe?"

Ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnubodè sún mọ́ wọn. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Kò sí orúkọ láyà aṣọ rẹ̀. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, wọ́n fi òwú funfun rán an: 640. Ó na ọwọ́ kọjá lára Ẹ̀bùnlọmọ, ó tẹ nǹkan kan, iná pupa sì kú.

"Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé etí yín wúwo díẹ̀, Màmá," ni ó wí. "Ẹ má bínú."

"Etí mi dá ṣáká, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o ṣeun. Kí lorúkọ rẹ?"

"Òjìlélẹ́gbẹ̀ta."

"Mo ní orúkọ rẹ."

Ọmọbìnrin náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ọ̀dànńlá ni mo ti wá, Màmá. Àwa la wọlé kẹ́yìn kó tó kàn yín. Ẹ máa bọ̀, wọ́n ń retí yín nínú gbọ̀ngàn."

Ẹ̀rọ kejì ṣì kù. Èyí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìmọ́lẹ̀ wo Ẹ̀bùnlọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá dúró sí ìbàdí rẹ̀, níbi tí ọ̀já ńlá kan ti yí i ká lọ́nà bíi mẹ́wàá, tó mú kí ìyá arúgbó náà dà bí ẹni tó lóyún láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. "Aṣọ," ni ẹ̀rọ náà wí. "Kò léwu."

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń rí abẹ́rẹ́ nínú ikùn ẹja nìyẹn o. Òun ló wo ọ̀já Ẹ̀bùnlọmọ, tó ní kò léwu.

Kí wọ́n tó fi Ẹ̀bùnlọmọ ṣe Aṣáájú Òkunlọlá, agbẹ̀bí ni fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ọmọ tó bá ti gbà, á gé kékeré lára aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi wé e, á rán an mọ́ ọ̀já náà. Gbogbo agbẹ̀bí ìlú orí omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹkárá wà lára rẹ̀, àdìrẹ, aṣọ ìgbòkun ọkọ̀, títí dé aṣọ ọmọ ogun kan tí ìyàwó rẹ̀ rọbí lójijì. Bí ó bá fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, orúkọ ọmọ náà á wá sí i lẹ́nu, orúkọ ìyá rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á sì rántí bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò kà wọ́n rí. Kò sí ẹni tó ń ka ọmọ ní Òkunlọlá. Olùkọ́ kì í kà wọ́n ní kíláàsì, orúkọ ló ń pè. Ìyá kì í kà wọ́n nínú ọkọ̀, ojú ló fi ń wò wọ́n. Bí àlejò bá bèèrè, wọ́n á ní wọ́n ń bẹ, wọ́n á sì gbé oúnjẹ fún àlejò kó lè gbàgbé ìbéèrè rẹ̀.

Gbọ̀ngàn Ìmùlẹ̀ rí roboto. Ihò kan wà ní àárín òrùlé rẹ̀ tí oòrùn ń gbà wọlé, ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Àga mẹ́rìnlá tò yí i ká, aṣojú kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà láàárín, Akáwé sì so rọ̀ lókè òkúta náà, ó dúdú, ó ń dán. Akáwé ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́, tó ń kọ, tó sì mọ gbogbo òfin Ìmùlẹ̀ lórí. Ohun tó bá ti kọ, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́.

Orílẹ̀-èdè Òkè-Ọya ló kọ́kọ́ kàn. Aṣáájú wọn jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà funfun. Bí ó ti gun òkúta, iná àwọ̀ aró kan tàn lórí rẹ̀, Akáwé sì sọ̀rọ̀:

"Láti ìgbà tí aṣáájú bá ti bẹ̀rẹ̀ ìkéde rẹ̀, títí àwọn mẹ́rìnlá yóò fi tún un sọ tán, abẹ́ Apata ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ìkéde mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tí aṣáájú bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, òun ni gbogbo Ìmùlẹ̀ yóò fi ẹnu ara wọn sọ."

"Ọ̀kẹ́ mẹ́ta," ni aṣáájú Òkè-Ọya wí.

"Ọ̀kẹ́ mẹ́ta," ni aṣojú àkọ́kọ́ wí. "Ọ̀kẹ́ mẹ́ta," ni èkejì wí. Ó lọ yíká bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun Adégoróyè, tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun Ìmùlẹ̀, tó sì jókòó sí ìkẹrìnlá. Òun náà ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta.

"Mo ti kọ ọ́," ni Akáwé wí. "Láti ọmọ ọdún méje dé ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Ìdámẹ́wàá tí yóò ṣe ọmọ ogun Apata, ẹgbàata. Mo ti mú wọn. Ẹ káàbọ̀, Òkè-Ọya. Ọdún tó ń bọ̀ ni ohùn yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Iná aró kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin onífìlà funfun sọ̀ kalẹ̀, Ẹ̀bùnlọmọ sì rí i bí ó ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù sínú omi. Gbogbo ètò náà kò gùn tó àkókò tí èèyàn fi ń bu omi mu.

"Ṣé o rí i?" ni ó sọ fún Akínsọwọ́n ní ìdákẹ́jẹ́. "Ẹgbàata ọmọ. Ẹ̀rọ náà kò bèèrè kí ni èyí ń jẹ́, kí ni tọ̀hún ń jẹ́."

"Yèyé, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé."

Wọ́n ti sọ ọ́ lóòótọ́, wọn kò sì sọ ọ́ tán. Kí wọ́n tó pe Òkunlọlá, Ọ̀gágun Adégoróyè dìde. Ọkùnrin náà ti tó ọgọ́ta ọdún, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kì í sì í pariwo.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ló dí wa lọ́wọ́. Àwọn akaniyàn wa wọ ilé kọ̀ọ̀kan ní Òkunlọlá. Ohun tí àwọn òbí fi ẹnu ara wọn sọ jẹ́ ẹgbàajọ ọmọ. Ojú Ọ̀run, ẹ̀rọ wa tó ń wo ayé láti òkè, náà wo ìlú yín fún oṣù mẹ́fà, ó rí ẹgbàawàá. Ẹgbàajì ọmọ ló ré kọjá láàárín ìwé àti ojú. Níbo lẹ kó wọn pamọ́ sí?"

Ariwo gba gbọ̀ngàn. Ẹnìkan ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń kó jọ. Ẹlòmíràn ní Òkunlọlá fẹ́ jẹun nínú àwo Ìmùlẹ̀ láì dá sí i.

Ọ̀gágun gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. "Ojú Ọ̀run kò ní ẹnu. Ìwé náà kò ní ẹnu. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu. Ẹ gun òkúta, kí ẹ sọ iye tó jẹ́ òtítọ́, a ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n ààbò àlejò tí a nà lé yín lórí ń parí lọ́sàn-án òní. Nígbà tí ìlà oòrùn yẹn bá kan ẹsẹ̀ òkúta, ó tán."

Ó nawọ́ sí ògiri. Àwòrán òkun jáde síbẹ̀ bí Ojú Ọ̀run ti ń rí i: àwọn ìlú Òkunlọlá tí wọ́n tẹ́ lórí òpó, àti àmì pupa mọ́kànlá tó tò sí ẹ̀bá ààlà wọn. Ọkọ̀ afàyanrìn ni àwọn àmì náà. Ti Ìtẹ́lẹ̀ ni wọ́n, orílẹ̀-èdè tó ń fi yanrìn ẹlòmíràn kọ́ ilẹ̀ tuntun fún ara rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á fi páìpù tó fẹ̀ tó ilé fa yanrìn lábẹ́ òpó, òpó á yẹ̀, ilé á sì wọmi. Báyìí ni wọ́n ṣe Ẹ̀bá-Ìgbì ní ìgbà òjò tó kọjá. Ìlú Akínsọwọ́n ni.

Wọ́n fún wọn ní yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn kí wọ́n lè gbèrò. Bí ilẹ̀kùn ti padé, Akínsọwọ́n sọ̀rọ̀ tìbínútìbínú.

"Irọ́ ni ẹ̀rọ wọn ń pa. Ẹgbàajì? Ta ló lè fi ẹgbàajì ọmọ pamọ́? Kí wọ́n sọ pé àwọn kò fẹ́ wa ló yá."

Ẹ̀bùnlọmọ jókòó. Ẹsẹ̀ ń ro ó. "Sọwọ́n, ọmọ mélòó lo sọ fún àwọn akaniyàn nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ?"

"Méjì."

"Méjì kẹ̀?"

Akínsọwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọrùn kóòtù rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbẹ̀bí nílé rẹ," ni Ẹ̀bùnlọmọ wí. "Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù. Ọwọ́ yìí ni mo fi lu ú nídìí títí ó fi ké. Níbo lo fi í sí?"

Ọkùnrin náà họ orí. Ó wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ìwé, ọdún mẹ́ta ló fi ń sọ fún Ìmùlẹ̀ pé ará Òkunlọlá kì í parọ́. "Kò ti ẹnu mi jáde ni, Yèyé," ni ó wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ ní mẹ́ta. Mo rí ìwé lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó wá kà wá, mo rí gègé, mo ní méjì."

"Mo mọ̀. Bí gbogbo ilé ti ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ ọ́. Olúkúlùkù yọ ọ̀kan pamọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó rò pé òun nìkan ni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Dúrósinmí," ni Ẹ̀bùnlọmọ wí. "Ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ta ló ń sun yàrá yẹn, mo ní ẹrù ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú wọn, ẹ̀rín tí èèyàn ń fi ọwọ́ bo ẹnu rín níbi òkú. Lẹ́yìn náà, ojú Akínsọwọ́n pọ́n, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà tòun ti kóòtù rẹ̀.

"Yèyé, ẹ sọ iye náà. Mo bẹ̀ yín. Ẹgbàawàá. Ó tán. Wọ́n á mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó dùn mí bó ṣe dùn yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé wa jáde lónìí, òkun á mú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo wà ní Ẹ̀bá-Ìgbì. Mo gbọ́ bí òpó ṣe ń ké kó tó ṣẹ́. Bàbá mi ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ mú fìlà òun. Títí di òní, fìlà ni mo rí, n kò rí bàbá mi."

Ẹ̀bùnlọmọ gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò lè bá a jiyàn, nítorí òtítọ́ ló ń sọ. Ó fi ọwọ́ kejì wá ọ̀já rẹ̀, ó fi ìka tọ mẹ́wàá lára àwọn gígé aṣọ náà. Ó wá èyí tó lè yọ. Àdìrẹ yìí ni Mofẹ̀yìntolú, tó kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ jáde. Aṣọ ìgbòkun yìí ni Kòkúmọ́. Èyí tó rọ̀ yìí ni ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja tí kò fọhùn títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, tó wá ń kọrin báyìí tí gbogbo ìlú ń gbọ́. Ó lọ, ó bọ̀, kò rí ẹyọ kan tí ìka rẹ̀ gbà láti fi sílẹ̀. Inú bí i. Inú bí i sí Ìtẹ́lẹ̀ tó ń jí yanrìn, ó sì bí i ju bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn tó lè dá olè náà dúró, tí wọ́n jókòó lórí àga, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ kó ọmọ wá.

"Dìde," ni ó wí. "Kóòtù rẹ ń dọ̀tí."

"Ẹ ó sọ ọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ni màá sọ."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ogun ẹnubodè ni, 640, wọ́n ti ní kó wá sin wọ́n padà. Ó rìn níwájú wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láì wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnu gbọ̀ngàn, ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Málọmọ́."

"Kí lo wí?" ni Ẹ̀bùnlọmọ bèèrè.

"Orúkọ mi, Màmá. Ẹ bèèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó pé ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti pè é gbẹ̀yìn."

Ẹ̀bùnlọmọ dúró. Agbẹ̀bí ni, kò sẹ́ni tó ní láti sọ irú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ fún un. Ìyá tó ti sin ọmọ ju ẹyọ kan lọ ló ń bẹ ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ pé kó má tún lọ. Ọmọ náà sì gbọ́, ó dúró, ó dàgbà, ẹ̀rọ kan wá kà á mọ́ ìdámẹ́wàá, ó mú un lọ. Ẹ̀bùnlọmọ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọlé.

Ìlà oòrùn kù bí ìbú ọwọ́ kan kó kan ẹsẹ̀ òkúta. Akínsọwọ́n tì í lẹ́yìn kó lè gùn ún. Iná aró tàn. Akáwé ka òfin rẹ̀ bí ó ti kà á fún Òkè-Ọya, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ẹ̀bùnlọmọ tú ọ̀já rẹ̀. Ó tú u, ó tú u, ó ń ṣubú yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, títí òkúta náà kò fi hàn mọ́. Nígbà tó tú u tán, ẹni tó rò pé ìyá náà sanra rí i pé egungun àti awọ ni. Ó mú orí ọ̀já náà lọ́wọ́.

"Dúrósinmí," ni ó wí, "ọmọ Ayọ̀kúnlé, ọmọ ọmọ èmi Ẹ̀bùnlọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó fẹ́ràn orí ẹja ju ara ẹja lọ. Òun ni mo fi pamọ́ fún àwọn akaniyàn yín, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é."

Àwọn mẹ́rìnlá na ọrùn láti wo ọ̀já náà.

"Màmá," ni Ọ̀gágun Adégoróyè wí, "iye la bèèrè."

"Iye á jáde bí mo bá parí, Ọ̀gágun. Ẹ ní ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n kà. Kó máa kà á bọ̀ lẹ́yìn mi. Èmi kò ní kà á."

"Ẹgbàawàá lẹ fẹ́ pè lórúkọ?"

"Mo ní ti ọwọ́ mi níbí. Àwọn agbẹ̀bí mẹ́sàn-án ṣì wà nílé tí wọ́n ní ọ̀já tiwọn, wọ́n á máa gbé e bọ̀. Bó bá rẹ̀ mí, màá sùn, màá sì máa bá a lọ lọ́la. Nígbà tí mo kúrò nílé, àwọn obìnrin mẹ́ta ń rọbí. N kò mọ̀ bóyá a ó lè parí láé. Àwọn mìíràn ń dé lójoojúmọ́, òfin yín kò sì ní kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá pé ọdún méje kí n tó pè wọ́n."

Ó wá yé wọn. Èèyàn lè rí i bí ó ti ń yé wọn, láti orí àga kan dé òmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí ìkéde kò bá tíì parí, abẹ́ Apata ni Òkunlọlá wà. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì parí, ẹ̀rọ kò ní ohun tó fẹ́ pín sí mẹ́wàá.

Ọ̀gágun bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gòkè. "Akáwé, pa ìkéde yìí rẹ́. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun."

"Ìkéde ń lọ lọ́wọ́," ni Akáwé wí. "Láti yí òfin padà, ohùn mẹ́rìnlá ni."

"Mo fi ohùn mi sí i." Ó wo àwọn tó kù. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀kan, méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá, iná aró sì ń di bàìbàì bí wọ́n ti ń gòkè. Ìlà oòrùn kan ẹsẹ̀ òkúta. Ààbò àlejò ti tán. Ní ògiri, àwọn àmì pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sí ààlà. Akínsọwọ́n di etí òkúta mú bí ẹni pé ilé ń mì lábẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ mẹ́tàlá ló wà lókè. Ọ̀kan kò gòkè. Ti Ládàpọ̀ ni, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ aṣojú Ọ̀dànńlá.

"Bàbá," ni Ọ̀gágun wí, "ẹ̀yin là ń dúró dè."

"Mo rí i," ni Ládàpọ̀ wí. Ó ń wo ọ̀já tó wà nílẹ̀. "Èmi ni mo sọ iye tiwa lórí òkúta yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú kan ni mo lò. Mo délé, àwọn ìyá tò sí ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ní ta ni mo sọ. N kò rí ọ̀kan pè fún wọn, Ọ̀gágun. Iye nìkan ni mo mọ̀." Ó yí sí Ẹ̀bùnlọmọ. "Ẹ dákun, ẹ tún orúkọ ọmọ yẹn pè fún mi. Etí mi wúwo lóòótọ́."

"Dúrósinmí."

"Dúrósinmí," ni Ládàpọ̀ wí.

Iná aró tó ti fẹ́ di bàìbàì tàn yanran. Ní ògiri, àwọn àmì pupa dúró, Ìtẹ́lẹ̀ ti rí i pé abẹ́ Apata ni Òkunlọlá ṣì wà. Ọ̀kan nínú wọn ti kan ààlà, ó rọra fà sẹ́yìn. Akínsọwọ́n rí i, ó sì fi orí lé ẹ̀gbẹ́ òkúta.

Obìnrin tó jókòó tẹ̀ lé Ládàpọ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Dúrósinmí," ni ó wí, ó sì ya òun alára lẹ́nu. Ó lọ yíká. Àwọn kan kùn ọ̀rọ̀ náà sínú, Akáwé ní kí wọ́n tún un sọ kó já geere. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun, ó ti eyín mọ́ eyín, ó sọ ọ́. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Òun ló ń ṣọ́ òfin náà.

"Mo ti kọ ọ́," ni Akáwé wí. "Ìkéde ń lọ lọ́wọ́."

"Fadékẹ́mi," ni Akínsọwọ́n wí láti ìsàlẹ̀, kò gbé orí sókè. "Yèyé, ẹ bá mi pè é. Ọmọ mi kẹta."

Ẹ̀bùnlọmọ wá aṣọ rẹ̀ rí, ó pè é, ó sì sọ bí òun ti lu ú nídìí kó tó ké. Àwọn mẹ́rìnlá tún un sọ, ó yá díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pe Mofẹ̀yìntolú. Ó pe Kòkúmọ́. Ó ní kí wọ́n wá àga fún òun, wọ́n gbé e wá. Ó mu omi. Nígbà tó gbé ife sílẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ ogun kan ti nà ró ṣánṣán, tó ń wo iwájú bí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Málọmọ́," ni Ẹ̀bùnlọmọ wí, "tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn."

Ọmọbìnrin náà kò mira.

"Èyí kì í ṣe ọmọ Òkunlọlá," ni Ọ̀gágun wí.

"Ta ló ni ín nígbà náà? Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún yín."

"Málọmọ́," ni Ládàpọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ya. Obìnrin tó tẹ̀ lé e sọ ọ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e sọ ọ́. Akáwé kò bèèrè ibi tí ọmọ náà ti wá, ohun tí aṣáájú bá sọ lòun ń kọ. Ó lọ yíká gbọ̀ngàn títí ó fi ku ẹnìkan.

Ọ̀gágun Adégoróyè yí àga rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo nọ́ńbà tó wà láyà ọmọbìnrin náà, ó sì wá wo ojú rẹ̀. Gbogbo èèyàn dúró dè é.

"Málọmọ́," ni ó wí.

Ọmọbìnrin náà gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó dáhùn bí ọmọ tí àgbà pè láti inú ilé.

"Sà."

Ẹ̀bùnlọmọ nu ojú rẹ̀, ó sì fi ìka wá aṣọ tó kàn.